Ajá mi ń kùn mọ́ ọkọ mi látìgbà tí mo ti lóyún

Ìyá_Tanímọ̀la · Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí mi ò dá sí i, ṣùgbọ́n èyí kọjá ohun tí mo lè dá rò.

Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún, àkọ́kọ́ mi sì nìyí. Mo ní abo ajá kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Láti kékeré ló ti wà lọ́wọ́ mi. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ọkọ mi gan-an ló sì máa ń bá ṣeré jù.

Nígbà tí oyún wọ oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi kiri. Tí mo bá wọ ilé ìwẹ̀, á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á ki imú bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Imú dúdú yẹn ni mo máa ń rí, tó ń mí fín-ín fín-ín sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan míì. Ó ń kùn mọ́ ọkọ mi tó bá fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn sí. Oúnjẹ rẹ̀, á jẹ díẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀. Ó ń fi èékánná ha kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ihò. Lánàá, ọkọ mi jókòó kó bọ́ bàtà, ajá fi eyín hàn án. Kò gé e jẹ o. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti sọ ọ́ pé tí ọmọ bá dé, ajá á lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ajá máa ń mọ̀ tí èèyàn bá lóyún? Ṣé oyún yìí ló ń ṣọ́? Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́.

Ajá_Kì_í_Purọ́ · 8:05 àárọ̀

A kú oríire o! Ajá mọ̀ dáadáa. Tèmi mọ̀ kí èmi fúnra mi tó mọ̀. Mi ò tíì ṣe àyẹ̀wò rárá tó ti ń gbé orí lé mi níkùn, mo tì í títí, kò lọ. Ọmọ yẹn ló ń dáàbò bò. Ẹ sọ fún ọ̀gá kí wọ́n fara balẹ̀, ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Abiyamọ_Méjì · 8:31 àárọ̀

Ìfẹ́ kẹ̀? Tèmi sá fún mi ni. Nígbà oyún àkọ́kọ́, tí mo bá jókòó síbí, á dìde lọ sọ́hùn-ún. Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo ní àní ajá pàápàá ti kọ̀ mí. Nígbà tó yá ni ọkọ mi wá là á yé mi pé èmi ni mo kọ́kọ́ lé e. Òórùn ara ajá ń rìn mí lọ́kàn nígbà yẹn, tó bá ti yọjú báyìí màá ní "Jáde!" Ajá gbọ́ràn, ó jáde. Àbí kí ló fẹ́ ṣe?

Oyún kejì dé, ajá kan náà, èébì ò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ajá ò sì yí padà lọ́nà kankan. Tó bá jẹ́ pé oyún ló ń mọ̀, kí ló dé tí kò mọ èkejì?

Bàbá_Ajá_Mẹ́ta · 9:10 àárọ̀

Ọmọ mi, má fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bo èyí mọ́lẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sin ajá. Ajá tó bá ń fi eyín han olórí ilé ti gbàgbé ipò ara rẹ̀. Tó bá tún kùn, kí ọkọ rẹ lù ú lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó le. Kò ní í pé ọjọ́ mẹ́ta tí yóò fi jáwọ́.

Olùkọ́_Ajá · 9:48 àárọ̀

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún ewú orí yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko ìyẹn, torí aláboyún ló ń bi wá léèrè, ọmọ ọwọ́ sì ń bọ̀ nínú ilé yẹn.

Kíkùn ni ajá fi ń sọ fún wa pé "ẹ dúró níbẹ̀, ara ò rọ̀ mí". Tí wọ́n bá ń lù ú torí pé ó kùn, yóò kọ́ láti má kùn mọ́ lóòótọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò lọ o, ìkìlọ̀ nìkan ló lọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ló ń gé èèyàn jẹ tí wọ́n á ní "kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀". Èmi, ajá tó ń kùn ni mo fẹ́ kó wà nílé tí ọmọ bá ń rá.

Kí ajá tó kùn gan-an, ó ti máa ń sọ̀rọ̀ tipẹ́. Á máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí. Á máa yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Á yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹni tó ń bọ̀, títí ẹ ó fi rí funfun ojú rẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni tó bá dúró gbagidi, tí kò mi ìrù, tí kò mi orí. Tí ẹ bá rí ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn.

Fún ìsinsìnyí, kí ọ̀gá má bá a du ibi kankan. Ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é kúrò níbẹ̀, kó wá bá yín, kí ẹ fún un ní nǹkan tó fẹ́ràn, kí ọ̀gá tó wá jókòó.

Ìbéèrè kan: ṣé gbogbo ibi tí ọ̀gá ti sún mọ́ yín ló ti ń kùn, àbí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan? Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó dáhùn.

Ẹ_Ṣọ́ra · 11:15 àárọ̀

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìwà, ẹ ò sọ̀rọ̀ àìsàn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma, ara ajá ni wọ́n ti ń kó o, ó sì máa ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹ gbé ajá yẹn fún ẹlòmíì títí ẹ ó fi bímọ.

Olùtọ́jú_Ẹran · 12:20 ọ̀sán

Ilé ìwòsàn àwọn ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni dókítà o, èmi ni mo máa ń di ajá mú tí dókítà bá ń fún un lábẹ́rẹ́, ojú mi sì ti rí nǹkan.

Gbogbo yín ń wo ikùn ìyá, ẹnikẹ́ni ò wo ikùn ajá. Abo ajá ọmọ ọdún mẹ́rin, kò jẹun dáadáa, ó ń ha ilẹ̀, ó ń ṣọ́ ibì kan. Ẹ dákun, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí kí a tó máa méfò lórí oyún:

Ṣé wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ àbí wọn ò tíì yọ ọ́? Ìgbà wo ló ń wá akọ kẹ́yìn, ìyẹn nígbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀? Ṣé ọmú rẹ̀ wú? Ṣé ó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé nǹkan kan ń jáde lójú ara rẹ̀, pàápàá tó bá ń rùn?

Tí ìdáhùn sí méjì tó kẹ́yìn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de ìdáhùn wa, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí.

Agbẹ̀bí_Òru · 1:06 ọ̀sán

@Ẹ_Ṣọ́ra, ológbò lẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ajá. Inú ìfun ológbò àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ni kòkòrò yẹn ti ń pọ̀ débi tí ẹyin rẹ̀ á fi bá ìgbẹ́ jáde. Ajá lè fi irun gbé e wọlé tó bá lọ yíràá nínú ìgbẹ́ ológbò, ṣùgbọ́n ẹran tí kò jinná àti ewébẹ̀ tí wọn ò fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò ló yẹ kí aláboyún máa bẹ̀rù ju ajá rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ ká fi ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lé ajá jáde.

Èyí tó kan ajá gan-an nìyí. Aràn: kí ajá máa lo oògùn aràn déédéé, kí ẹlòmíì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, tí kò bá sí ẹlòmíì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́. Dìgbòlugi: kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ má kọjá àkókò. Tí ajá kankan bá gé aláboyún jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn. Oyún ò ní kí èèyàn má gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí ẹni tó kọ̀ ọ́ nítorí oyún. Dìgbòlugi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èèyàn kì í sábà ní ìwòsàn.

Ìkẹta ni pé kó má fò mọ́ yín níkùn, kó má sì fà yín ṣubú. Omi tó yí ọmọ ká nínú máa ń gbà á lọ́wọ́ ìfarakàn kékeré, ẹ má fòyà tó bá gbé orí lé yín. Ṣùgbọ́n tí ajá ńlá bá já lu ikùn yín, tàbí tí okùn rẹ̀ bá gbé yín ṣánlẹ̀, ẹ lọ fara hàn kódà bí kò bá dùn yín, torí ibi ọmọ lè ṣí díẹ̀ kúrò lára ilé ọmọ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọmọ ò yírapadà bó ṣe máa ń ṣe, ìyẹn ò dúró di ọ̀la. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ọ̀gá máa mú un rìn tó bá jẹ́ ajá tó ń fa okùn.

Ọkọ_Aláboyún · 3:40 ọ̀sán

Ohun tí Olùtọ́jú_Ẹran bi yín yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Èmi nìyí tí mo fojú kékeré wò ó.

Ìyàwó mi lóyún, ajá wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ kiri. Ìyàwó mi ò jẹun, ajá ò jẹun. Ìyàwó mi ń mu omi, ajá ń mu omi, mo ń bu omi sínú abọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Gbogbo ẹni tó wọlé ń rẹ́rìn-ín pé "àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lóyún". Mo tilẹ̀ ya fọ́tò wọn lórí àga, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ọjọ́ kẹrin ni ajá ò lè dìde mọ́. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó wò mí, ó ní ilé ọmọ rẹ̀ ti kún. Kì í ṣe oyún, ọyún ni. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó yè, ṣùgbọ́n dókítà ní tó bá sùn mọ́jú ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò lè wò ó.

Ajá_Kì_í_Purọ́ · 4:02 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, ti Tanímọ̀la lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùtọ́jú_Ẹran · 4:10 ọ̀sán

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè. Láàárín oṣù méjì lẹ́yìn tí abo ajá bá wá akọ ni àìsàn yẹn sábà máa ń yọjú.

Ìyá_Tanímọ̀la · 8:55 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tó sọ ti fọ́tò, Ọlọ́run ló yọ yín.

Wọn ò tíì yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn ní bí oṣù méjì sẹ́yìn. Mo rántí torí pé ìgbà yẹn ni èébì mi ń dáwọ́ dúró, èmi ni mo ń nu ilẹ̀. Kò jáde, akọ kankan ò sún mọ́ ọn. Omi tó ń mu ò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sí nǹkan tó ń jáde tàbí tó ń rùn. Ṣùgbọ́n mo ní kí ọkọ mi fi ìtànṣán fóònù wo ikùn rẹ̀ bó ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọmú rẹ̀ wú, àwọn tó wà lápá ẹ̀yìn jù. Nǹkan funfun kán láti ọmú náà sára kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Olùkọ́_Ajá, ẹ ní kí n wò ó bóyá ibì kan ṣoṣo ni. Mo ṣọ́ ọ láti àárọ̀. Ọkọ mi jókòó tì mí nílé ìdáná, ajá ò wò ó. Ó jókòó tì mí ní pálọ̀, ajá fi ìrù gbá a lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ni. Nígbà tí ọkọ mi mú un jáde, mo rọra kúnlẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sílípáàsì mi tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀. Fìlà òwú tí mo ń hun fún ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ti fi ahọ́n lá a títí ó fi rọ̀ bí àkísà. Ó tò wọ́n sínú ihò kan tó fi aṣọ mi ṣe, wọ́n jọ wà lójú kan bí ọmọ tó sùn.

Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà mo sunkún. Ọkọ mi ní ṣé sílípáàsì ni ó fi ń fi eyín han òun?

Olùtọ́jú_Ẹran · 9:20 alẹ́

Oyún òfegè nìyẹn. Ẹ ṣì gbé e lọ kí dókítà fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo àmì rẹ̀ lẹ ti kà kalẹ̀ yìí.

Bó ṣe rí ni pé lẹ́yìn tí abo ajá bá wá akọ, yálà akọ gùn ún tàbí kò gùn ún, ara rẹ̀ á máa ṣe bí ara aláboyún fún bí oṣù méjì. Oyún ajá gan-an máa ń tó bí ọjọ́ 63. Nígbà tí họ́mọ́ọ̀nù tó gbé oyún dúró bá wá lọ sílẹ̀, èyí tó ń mú wàrà wá á gòkè, ajá á sì gbà pé òun ti bímọ. Kò lọ́mọ, á wá nǹkan tó lè fi ṣọmọ. Sílípáàsì yín ni ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ń jókòó lórí àwọn ọmọ rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ kó má kùn sí?

Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ má fún ọmú rẹ̀, ẹ má fi omi gbígbóná pa á lára, ẹ ò ní fẹ́ kí wàrà tún pọ̀ sí i. Tó bá ń lá ọmú ara rẹ̀, dókítà lè fún un ní ohun tí wọ́n ń fi sí ọrùn kí ẹnu rẹ̀ má dé ibẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ (ẹ má bínú, mò ń pe sílípáàsì lọ́mọ) kúrò nígbà tí kò sí nínú yàrá. Ẹ má gbà á lójú rẹ̀ láé. Kó máa rìn jáde dáadáa, kó rí nǹkan míì rò.

Tó bá le, dókítà lè fún un ní oògùn tó ń dá wàrà dúró. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tó bá jẹ́ cabergoline ni, ẹ̀yin aláboyún ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ni kó máa fún un, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, torí ohun tó ń ṣe fún ọmú ajá lè ṣe é fún ọmú èèyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí èyí má tún ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wàrà yìí gbẹ tán ná.

Ajá_Kì_í_Purọ́ · 9:37 alẹ́

Ó dáa, mo gbà ti sílípáàsì. Ti imú abẹ́ ilẹ̀kùn ńkọ́? Láti oṣù kejì ló ti ń ṣe ìyẹn, kò tíì ṣẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Olùkọ́_Ajá · 10:14 alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì ta ko ohun tí Olùtọ́jú_Ẹran sọ. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, a sì ń fi ọ̀kan ṣàlàyé èkejì.

Imú èèyàn ní bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6 ẹ̀yà tín-tìn-tín tó ń gba òórùn, ti ajá lè lé ní mílíọ̀nù 200. Wọ́n ń kọ́ ajá kan débi tó fi ń mọ̀ látinú òórùn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Oyún ń yí họ́mọ́ọ̀nù padà, òógùn ara ò ní rí bákan náà mọ́, ọṣẹ tí ẹ̀ ń lò lè yí, èébì ní òórùn tirẹ̀. Kí ajá mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára yín, ìyẹn ò ṣòro. Kó wá mọ̀ pé ọmọ ni, kó sì pinnu pé òun á máa ṣọ́ ọ, àwa la fi ìyẹn kún un.

Kì í sì í ṣe òórùn nìkan. Ìyá_Tanímọ̀la, ṣé ẹ ń jí lóru? Ṣé ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀? Ṣé ẹ ń wà nílé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ajá kọ́ ilé yín sórí bí ìwé: ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí, bàtà tí ẹ ń wọ̀ tí ẹ bá ń jáde. Gbogbo ìwé yẹn ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ sì wà láàárín rẹ̀. Á tẹ̀ lé yín kó lè mọ ohun tó kàn.

Abiyamọ_Méjì · 10:30 alẹ́

Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn ní ìlà mẹ́wàá.

Bàbá_Ajá_Mẹ́ta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ọmọ mi, mo jí ka gbogbo rẹ̀. Má lu ajá náà.

Mo lu ajá kan lẹ́nu nígbà kan rí. Ó jáwọ́ lóòótọ́, mi ò gbọ́ kíkùn rẹ̀ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gé àbúrò mi lápá, a ní ó ya wèrè. Láti alẹ́ àná ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Olùkọ́ yìí.

Èyí tí mo mọ̀ dájú, mo lè sọ ọ́. Ọjọ́ tí àkọ́bí mi dé ilé, ìyàwó mi kọ́kọ́ dá wọlé, àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ dúró síta. Ajá ti lo ọjọ́ mẹ́rin láìrí i, ó fò mọ́ ọn, ó sunkún, ó fi ìrù gbá àga. Kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ká ní ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni!

Abiyamọ_Méjì · 7:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun bàbá. Èmi ra bèbí oníke, mo ń gbé e kiri ilé fún oṣù kan kí ajá lè mọ́ra. Ó ràn mí lọ́wọ́ o.

Olùkọ́_Ajá · 7:58 àárọ̀

Ẹ̀yin ló ràn lọ́wọ́, ajá mọ̀ pé oníke ni, kò ní òórùn èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan pa àṣẹ "jókòó" nígbà tí ọwọ́ kejì gbé nǹkan, kò burú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ mú ìyípadà wá nísinsìnyí, kó má jẹ́ ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ. Tí kò bá ní í máa wọ yàrá mọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn láti oṣù yìí. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ni yóò máa mú un rìn, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ wá ohùn ẹkún ọmọ sórí fóònù, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà tó bá ń jẹun, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́. Tó bá ti gbé etí tó sì kúrò nídìí oúnjẹ, ó ti ga jù nìyẹn, ẹ dá a padà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì bímọ, kí ọ̀gá kọ́kọ́ mú aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ wá sílé. Kí ó mú un dání, kí ajá fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má kì í bọ̀ ọ́ nímú.

Àti pé, ajá tó dáa jù láyé, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Kódà ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi gbé omi.

Abiyamọ_Méjì · 8:11 àárọ̀

Oníke mi ṣiṣẹ́. Mi ò gbà.

Ìyá_Tanímọ̀la · Ọjọ́bọ̀, 5:30 ìrọ̀lẹ́

A ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ mọ́. Oyún òfegè ni. Wọ́n ní kí a ṣì wò ó ná fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ oògùn. Ọkọ mi ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nígbà tí mo mú un lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí a wọlé, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá wọn yíká, ó jáde, ó wò mí. Mi ò lè gbàgbé wíwò yẹn. Mo fẹ́ lọ kó sílípáàsì padà fún un, ọkọ mi dì mí mú.

Olùtọ́jú_Ẹran · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá ṣeun. Á gbàgbé wọn.

Ìyá_Tanímọ̀la · Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Mo ní kí n jábọ̀. Wàrà ti gbẹ, a ò lo oògùn. Ó ń jẹun tán, ó ń lá abọ́. Ọkọ mi ń jókòó síbi tó bá wù ú; lánàá mo bá àwọn méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì, ajá gbé ẹsẹ̀ lé e láyà, fóònù ń sunkún ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sọ̀rọ̀ pé ajá á lọ mọ́, èmi náà ò bi í.

Imú ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ìyẹn ò yí padà rárá.

Ajá_Kì_í_Purọ́ · Ọjọ́ kan náà

Mo sọ bẹ́ẹ̀ 😀

Abiyamọ_Méjì · Ọjọ́ kan náà

Fìlà ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ fọ̀ ọ́?

Ìyá_Tanímọ̀la · Ọjọ́ kan náà

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Irun ajá ṣì wà lára rẹ̀. Mò ń hun òmíràn.